Ẹyẹ tí òyìnbó ń sanwó wò, Èkó ló ń wá sinmi

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àwòdì òkè ṣe bí ará ilẹ̀ kò rí òun. Ní CMS, ní Erékùṣù Èkó, ó jọ pé àwòdì kò parọ́. Láti ìdájí ni èrò ti ń rọ́ jáde nínú dáńfó, nínú ọkọ̀ ojú omi àti nínú ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina lọ sí Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tó ń sáré lọ sí ọ́fíìsì ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó ń sáré lọ sí ọjà Balógun di àpò owó rẹ̀ mú. Ta ni yóò ráyè gbójú sókè? Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró díẹ̀ létí omi tó kọjú sí Apápá, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò rí àwòdì tó ń yí po lókè àwọn ilé gíga, yóò sì rí lékeléke tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n ń gba orí omi kọjá.

Ohun tí èrò CMS kò ráyè wò lọ́fẹ̀ẹ́ yìí, àwọn kan ń sanwó ńlá wò ó ní ilẹ̀ Yúróòpù. Bí àwọn kan níbẹ̀ ṣe ń lo ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láti lọ gbafẹ́ létí òkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń lò ó láti lọ wo ẹyẹ. Wọn yóò wọ bàálù lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé tàbí ti Sípéènì, wọn yóò sanwó ilé ìtura, wọn yóò sì sanwó fún atọ́nà tó mọ ẹyẹ dunjú. Kì í ṣe ẹyẹ inú àgò ni wọ́n ń lọ wò o. Inú àbàtà ni wọ́n ń lọ, níbi tí ẹyẹ ti ń jẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ọ̀kan nínú àwọn àbàtà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Camargue, níbi tí odò Rhône ti ń wọ inú òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni ẹyẹ flamingo wà, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ọlọ́rùn gígùn, tí ìyẹ́ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Òmíràn ni Doñana, ní ẹnu odò Guadalquivir ní Sípéènì, tí ìjọba ibẹ̀ sọ di ọgbà ìdáàbòbò ní ọdún 1969. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni atọ́nà yóò ti jí àwọn àlejò rẹ̀, nítorí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ẹyẹ ń wá oúnjẹ. Olúkúlùkù yóò gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú kọ́ ọrùn, wọn yóò dákẹ́, wọn yóò dúró. Bí ẹyẹ bá yọ, atọ́nà yóò sọ orúkọ rẹ̀, bó ṣe ń ké, ohun tó ń jẹ àti ibi tó ti ń bọ̀. Àlejò yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá di alẹ́, wọn yóò jókòó ka iye tí wọ́n rí.

Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kó ní kí ni ẹyẹ jámọ́ tí ènìyàn fi ń gun bàálù tọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n atọ́nà ń jẹun níbẹ̀, awakọ̀ ń jẹun, alásè ń jẹun, onílé ìtura náà sì ń jẹun. Ní ilẹ̀ Scotland, àṣá kan wà tó ń pẹja, òun ni òyìnbó ń pè ní osprey. Ìbọn ọdẹ àti àwọn tó ń jí ẹyin rẹ̀ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run ní ilẹ̀ Bìrìtéènì kó tó padà wá kọ́ ìtẹ́ létí Loch Garten ní ọdún 1954. Àwọn ẹgbẹ́ aláàbò ẹyẹ ṣọ́ ìtẹ́ náà tọ̀sán-tòru nítorí olè ẹyin, nígbà tó sì di ọdún 1959, wọ́n ṣí ibi ìwòran kan síbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, àwọn tó ti lọ wo ìtẹ́ ẹyẹ yìí ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Kí ló wá kan ará Èkó nínú gbogbo èyí? Ó kàn wọ́n, nítorí pé bí òtútù bá ti dé sí ilẹ̀ Yúróòpù, púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń sanwó wò lọ́hùn-ún kì í dúró síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀.

Àlejò tó ní ilé méjì

Kì í ṣe òtútù gan-an ló ń lé ẹyẹ kúrò nílé bí kò ṣe ebi. Nígbà tí omi bá di yìnyín, tí kòkòrò bá wọlẹ̀, ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò, àkàn wẹẹrẹ àti ẹja kéékèèké kò ní ohun tí yóò jẹ mọ́. Àwọn tí apá wọn gbòòrò, tí wọ́n ń gun orí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti fi rìn, kì í fẹ́ gba orí òkun púpọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ru sókè lójú omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣù jọ sí Gibraltar, níbi tí òkun tó wà láàrin Yúróòpù àti Áfíríkà ti fún jù, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ. Lẹ́yìn òkun, aginjù Sàhárà ló kù níwájú wọn.

Ẹ wo alápàǹdẹ̀dẹ̀. Gbogbo ìwúwo èyí tó ń ti Yúróòpù wá kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ, kò tó ìdajì ẹyin adìyẹ. Síbẹ̀ ó ń la òkun kọjá, ó ń la aginjù kọjá, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe òun ni èyí tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa o. Ìyẹn ní ìran tirẹ̀, ìbátan ni wọ́n. Èyí tó ń ti Yúróòpù wá kì í kọ́lé síbí, kì í yé ẹyin síbí. Ó kàn ń wá jẹ kòkòrò, kó sinmi, kó pààrọ̀ ìyẹ́, kó sì múra àtipadà.

Ẹyẹ kékeré kan tún wà tó fẹ́ràn etí omi Èkó, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àwọ̀ ilẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ó sì máa ń ju ìdí sókè sódò ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó ń jó. Àwọn ọmọ etí odò mọ̀ ọ́n dáadáa. Àlejò láti Yúróòpù lòun náà. Àṣá apẹja tí wọ́n ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ ní Scotland, ìran rẹ̀ kan náà ló ń lo ìgbà òtútù létí omi káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lékeléke tiwa gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ onílẹ̀ ni, arìnrìn-àjò ni. Nígbà òjò, púpọ̀ nínú wọn a máa lọ sí apá òkè ọya láti lọ yé ẹyin. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a padà sí ìhà gúúsù, àwọn àgbẹ̀ àti darandaran a sì tún rí wọn lẹ́yìn màlúù, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹlẹ́ǹgà tí màlúù bá rú jáde nínú koríko.

Òwe Yorùbá kan ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ tó ní ilé méjì kò lè fi ilé kan ṣoṣo gbé ayé. Bí wọ́n bá tọ́jú ìtẹ́ rẹ̀ ní Camargue, tí wọ́n sì ba ibi ìsinmi rẹ̀ jẹ́ ní Èkó, kò ní padà wá kí ẹnikẹ́ni. Bí a bá tọ́jú tiwa, tí wọ́n jẹ́ kí tọ̀hún gbẹ, àwa náà kò ní rí i mọ́.

Láti CMS dé Lẹ́kí

Ẹni tó bá fẹ́ wo àwọn àlejò wọ̀nyí kò nílò ìwé ìrìnnà. Láti CMS, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ajah yóò gbé e gba ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ní kìlómítà 19 ojú ọ̀nà náà, ní òdìkejì ilé iṣẹ́ Chevron, ni ọgbà ìdáàbòbò Lẹ́kí wà. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, hẹ́kítà 78 sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ló ń bójú tó o. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni olóyè tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1980, ìyẹn olóògbé Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò pàtàkì tó fi owó àti orúkọ rẹ̀ jà fún igbó àti ẹranko títí ó fi di olóògbé ní ọdún 2002.

Inú ọgbà náà, orí pákó tí wọ́n tẹ́ la àbàtà já ni ènìyàn ń gbà rìn. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà nínú omi, àtíòro a sì máa fi ariwo gba orí igi kọjá. Wọ́n kọ́ ibi tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí láti wo ẹyẹ láìjẹ́ pé ẹyẹ rí i. Láti ọdún 2015, ọ̀nà àsorọ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401 tún wà lókè láàrin àwọn igi, òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń torí rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá débẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ariwo tó pọ̀, láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, tó sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ atọ́nà, yóò rí ohun tí fọ́tò kò lè gbé.

Èkó nìkan kọ́ ni irú èyí wà. Ní Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí a mọ̀ sí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, igbó kan wà tó tó hẹ́kítà 350, tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oko sí. Àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ ń ti ilé àti òkèèrè wá síbẹ̀ nítorí ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, tí akọ rẹ̀ dúdú lára, tí orí àti àyà rẹ̀ pupa. Ọdún 1951 ni Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú Ìbàdàn pè é. Ìwọ̀nba apá kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo àgbáyé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu ìparun. Òyìnbó tó bá fẹ́ rí i lójú, dandan ni kó wá sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ìpínlẹ̀ Cross River, ní abúlé Ebbaken tó wà nítòsí Boje, alápàǹdẹ̀dẹ̀ láti Yúróòpù tó lé ní mílíọ̀nù kan ló máa ń wá sùn pọ̀ lálẹ́ nínú koríko gíga tó wà lórí òkè. Àwọn kan nínú wọn wọ òrùka kékeré tí àwọn onímọ̀ fi sí wọn lẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù. Àwọn ará abúlé náà a máa fi àtè mú wọn jẹ, nítorí ẹran ni wọ́n kà á sí. Àwọn aláàbò ẹyẹ lọ bá wọn jókòó, wọ́n jíròrò bí wọn yóò ṣe rí ẹran àti owó níbòmíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ebi ń pa kò lè ṣọ́ ẹyẹ fún ẹlòmíràn. Àfi kí ẹyẹ tó wà láàyè mú owó wá ju èyí tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ.

Yanrìn ń jẹ àbàtà

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá nìyí. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó rántí pé etí omi gan-an ni òpópó Marina wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó rọ yanrìn sí ọ̀sà láti fi ṣe ọ̀nà tuntun ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni yanrìn kò ti sinmi. Láti Marọ́kọ́, tí ìjọba ológun lé àwọn ará ibẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 1990, títí kọjá Lẹ́kí, irà ti di ilé alájà, igi ẹ̀gbà tó máa ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀ ti di iná ìdáná. Bí ènìyàn bá dúró lórí ọ̀nà àsorọ̀ ọgbà Lẹ́kí lónìí, òrùlé ilé ló yí igbó náà ká.

A kò ní sọ pé kí ènìyàn má nílé lórí o. Èrò ń wọ Èkó lójoojúmọ́, wọ́n sì ní láti rí ibi sùn. Ṣùgbọ́n àbàtà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ó dà bíi kànrìnkàn, ó ń fa omi òjò mu, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹja ń yé ẹyin sí. Bí wọ́n bá dí i, omi kò ní ṣàìwá ibi tí yóò gbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ènìyàn ni yóò sì gbà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ sí Èkó, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá ṣòfò. Ẹni tó rí ọjọ́ náà mọ̀ pé ibi tí ẹyẹ kò bá ti rí irà dúró sí mọ́, ènìyàn pàápàá lè má rí ilẹ̀ gbígbẹ dúró sí.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1971, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Ramsar ní Iran pé àwọn yóò máa dáàbò bo àbàtà. Nàìjíríà fi adágún Nguru sínú àkọsílẹ̀ náà ní ọdún 2000, ó sì fi ibi mẹ́wàá mìíràn kún un ní ọdún 2008. Nínú ibi mọ́kànlá wọ̀nyí, kò sí ẹyọ kan ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá. Èkó tí omi yí ká, tí orúkọ Lagos tí àwọn Potogí fún un jẹ mọ́ ọ̀sà, kò sí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó kò ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní Doñana, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wo ẹyẹ, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin sitirọ́bẹ́rì ti gbẹ́ kànga púpọ̀ yí ọgbà náà ká, ọ̀dá sì tún dá kún un. Ní ọdún 2022 àti 2023, adágún tó tóbi jù níbẹ̀ nínú àwọn tí kì í sábà gbẹ, gbẹ títí ó fi di ilẹ̀. Atọ́nà kò rí ẹyẹ fi han àlejò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pàdánù ni ó yẹ kí á gbọ́ ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀.

Kí orúkọ má ṣẹ́kù nìkan

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan ẹ̀yin àgbà ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn oníwàásù ìjọ CMS, tí ibùdókọ̀ yìí ti gba orúkọ, ni ilé ìtàwé wọn ní Èkó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá kan jáde ní ọdún 1913. Agbe wà nínú rẹ̀, àlùkò wà níbẹ̀, lékeléke náà wà níbẹ̀. Baba ńlá wa mọ ẹyẹ wọ̀nyí lójú kí ẹnikẹ́ni tó kọ wọ́n sínú ìwé. Lónìí, ọmọ Èkó mélòó ló lè fi ọwọ́ tọ́ka sí agbe nínú igbó? Ìwé ti mú orúkọ dúró, ṣùgbọ́n ìwé kò lè mú ẹyẹ dúró.

Àwọn àgbà mọ igún nígbà tó ń bà sí orí òrùlé ilé ìpẹran bí ẹni tó sanwó ilé. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ àgbáyé fi irú igún tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa sí ìpele tó kẹ́yìn kí ohun ẹlẹ́mìí tó parẹ́ nínú igbó. Májèlé pa nínú wọn, àwọn tó ń tà wọ́n fún oògùn sì pa nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹnu àwa náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Odídẹrẹ́ náà ń bẹ lára àwọn tí wọ́n mú tà títí igbó fi dákẹ́, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹnu kò ní Johannesburg ní ọdún 2016 láti fòfin de òwò èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ kò le ju agbára àgbàlagbà lọ. Atọ́nà tí òyìnbó ń sanwó fún ní Camargue, kí ló mọ̀ tí ọdẹ Ìjẹ̀bú tàbí apẹja Ẹ̀pẹ́ kò mọ̀? Ó mọ orúkọ ẹyẹ, ó mọ ìgbà tó ń dé, ó mọ ibi tó ń sùn. Ohun tó fi jù wọ́n lọ ni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún àlejò. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ kan wà nítòsí Jọs, tí wọ́n ń pè ní APLORI, láti ọdún 2001. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè níbẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ilẹ̀ yìí sì ń bá wọn kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí ní àdúgbò wọn sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọ ọjọ́ tí lékeléke àkọ́kọ́ bá bà sí oko rẹ̀ lọ́dọọdún, ìmọ̀ tí yunifásítì lè lò ló ń kó jọ yẹn. Òbí tó bá gba rọ́bà lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ta òkò sí alápàǹdẹ̀dẹ̀, tó sì sọ fún un pé òkun àti aginjù ni ẹyẹ náà là kọjá kó tó débí, ó ti ṣe ju ìkìlọ̀ lọ.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ká tó rí erin ó digbó, ká tó rí ẹfọ̀n ó dọ̀dàn, ká tó rí ẹyẹ bí ọ̀kín ó di gbére. Erin ti di ohun tí à ń gbọ́ nínú ìtàn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa. Ẹyẹ kò tíì dé ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí èrò CMS bá ń to sórí ìlà láti wọkọ̀ padà sílé, lékeléke náà yóò máa gba orí ọ̀sà padà sí ibi tí wọ́n ń sùn. Kò sí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbójú sókè wò wọ́n. Ohun tó ṣẹ́kù ni pé kí irà tí wọ́n ń lọ sùn sí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá débẹ̀.